Mọ́tò Màámi Tó Ń Kú Tó Bá Ti Gbóná

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹjọ

Mọ́tò tún kú. Ibi tó kú sí ló dùn mí jù, iwájú géètì iléèwé, níṣojú ọ̀gá iléèwé fúnra ẹ̀. Ọlidé la wà, màámi kàn lọ béèrè iye ọmọ tí òun máa máa fi mọ́tò kó wá síléèwé tí wọ́n bá wọlé ni. Ọ̀gá iléèwé dúró tì wá pẹ̀lú agboòrùn, ó ń wo bí màámi ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ lásán. Ó ní òun ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, tí mọ́tò yìí ò bá yá títí di ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíì ló máa gba iṣẹ́ náà. Màámi dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, mi ò kì í fẹ́ rí i lójú ẹ̀.

A jókòó sínú ẹ̀ títí ó fi tutù, ló bá tún jí bí ẹni tí ò ṣẹ̀ rárá. Ìwà ẹ̀ nìyẹn. Tó bá tutù, mọ́tò gidi ni. Tó bá ti gbóná, á kú láìwúkọ́, láìsín.

Bàámi ní gbogbo iṣẹ́ yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù lè dúró, òun máa wá ìdí ẹ̀. Mo ti fọ gbogbo sípánà sílẹ̀. Èmi ni màá tan tọ́ọ̀ṣì fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe látìgbà tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Ó máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé èmi lọwọ́ ọ̀tún òun. Kò mọ̀ pé mo máa ń tún un sọ fún ara mi tí mo bá ń wẹ̀.

Àbámẹ́ta, 6

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàámi dé láàárọ̀ nínú òjò, òun àti báàgì kan. Ìyá ẹ̀ ti bímọ fún ọkọ tuntun, ilé wọn kún, wọ́n ní kó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Bàbá ẹ̀ lọ ìrìn àjò kan nígbà tó ṣì kéré, kò padà, a ò sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè. Màámi ní tí mọ́tò bá ti yá, òun fúnra òun máa gbé e padà sílé kí iléèwé tó wọlé. Mo ṣe àmín sínú.

Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, wọ́n ní kí n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ibi tó yẹ kí n ti pè é, mo máa ń wúkọ́.

Wọ́n fún un ní ìdajì ibùsùn mi. Ìdajì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló mú. Kò tiẹ̀ bi mí.

Ajé, 8

Ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù.

Mo rò pé aṣọ funfun tó wọ̀ á lé e padà sínú ilé. Ó bọ́ ọ, ó wọ ògbólógbòó aṣọ iṣẹ́ bàámi, ó ká apá ẹ̀ sókè. Bàámi ń ròyìn bí mọ́tò ṣe ń kú, ó gbọ́ ọ tán pátá, ó wá ní: "Bàbá Kékeré, àfi kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Tí ooru bá ti wọ inú ẹ̀, kì í lè kà mọ́. Ẹ́ńjìnnì ò wá ní mọ ìgbà tó yẹ kó ṣáná." Ó ní bàbá òun máa ń bu omi tútù lé e lórí ni. Tó bá jí lójú ẹsẹ̀, òun ni. Ó ń wo ọwọ́ ẹ̀.

Bàámi wò ó bí ẹni tó he nǹkan lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ wo bí Injiníà ṣe wà nínú ẹbí mi tí mi ò mọ̀." Bó ṣe di Injiníà nìyẹn. Òun ló tan tọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi gbálẹ̀. Ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀ ni mo tún gbá.

Ìṣẹ́gun, 9

Gíríìsì ti tún gbówó lórí. Injiníà bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, bàámi ní ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 11

Rewáyà, oníná mọ́tò àdúgbò wa, gbé ẹ̀rọ ẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ń fi wáyà ẹ̀ há abẹ́ ìdarí ọkọ̀ kó lè sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Bàámi ní kò lè sọ, pé nígbà tí wọ́n ṣe mọ́tò yìí, mọ́tò ò tíì mọ ẹjọ́ rò. Rewáyà ní pọ́ǹpù epo ni. Injiníà ní mọ́tò náà tutù nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ ká bu omi sórí sẹ́ńsọ̀ tó bá gbóná. Rewáyà ní kó lọ bu omi sórí ara ẹ̀ ná. Inú mi dùn, àmọ́ bàámi ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní a ó ṣe é bí a ṣe ń ṣe é níbí. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í fi ìfura ra ọjà. A máa yá a lára mọ́tò mìíràn ká tó ra tuntun. Mọ́tò kan wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan náà ni òun àti ti màámi, táyà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀ mọ́, inú ẹ̀ làwọn adìyẹ ń sùn. Ọ̀la la máa tú sẹ́ńsọ̀ tiẹ̀.

Ẹtì, 12

Màá kọ tòní kúnná nítorí pé ó dùn mọ́ mi.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Bọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló dì í mú, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló sá pamọ́ sí, ọwọ́ bàámi ò wọ ibẹ̀. Ọwọ́ tèmi àti ti Injiníà ló ń wọ ibẹ̀. Bàámi ní kí Injiníà tú ti màámi, kí n tú ti mọ́tò àwọn adìyẹ. Ìgbẹ́ adìyẹ fún èmi, mọ́tò màámi fún òun. Ó dáa.

Mo tú tèmi kíá. Tiẹ̀ há, ó fi púláyà fà á kó tó jáde. Mo gba méjèèjì, mo fi pẹtiróòlù fọ̀ wọ́n, mo tò wọ́n sórí àkísà. Ohunkóhun tó bá jáde nínú ẹ́ńjìnnì ní ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá mi dù ú. Wọ́n ń dán bí ìbejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Bàámi pe Injiníà pé kó wá bá òun di jáàkì mú. Mo mọ̀ pé tó bá padà dé, bàámi máa ní kó fi sẹ́ńsọ̀ náà wọlé. Mo tètè tì í wọlé kó tó dé. Mo dì í le, mo so wáyà ẹ̀, mo nu ọwọ́. Nígbà tó dé, ó wo àkísà, ó sì wò mí.

Bàámi tan mọ́tò. A jókòó. Gbogbo wa ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dé àárín, mọ́tò kú.

Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀! Bàámi ní a ti mú ìyẹn kúrò nílẹ̀, a ò ní padà sórí ẹ̀ mọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di òsúkè.

Àìkú, 14

Mo rò pé wọ́n á dẹ́kun pípè é ní Injiníà. Rárá o. Bàámi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní ẹni tí ò bá ṣì í rí, ẹni tí ò ṣe é rí ni. Ó mú un jókòó sídìí ìdarí mọ́tò, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà. Èmi ti béèrè fún èyí láti ọdún tó kọjá, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò tíì tó ìsàlẹ̀.

Ó máa ń pe bàámi ní Bàbá Kékeré. Lónìí ó já Kékeré sílẹ̀. "Bàbá, ṣé bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí?" Bàbá ta?

Màámi ń di irun fún mi nírọ̀lẹ́, ó fọwọ́ tọ́ mi lọ́rùn, ó ní òjòwú kì í lẹ́ran lára, wo eegun ọrùn mi. Mo ní mi ò jowú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun náà ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 17

Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, tuntun ni, ti mọ́tò àwọn adìyẹ ti bàjẹ́ tipẹ́. Owó tí màámi fẹ́ fi ra bàtà ló lọ sí i, kò sì sọ ọ́. Mọ́tò yí ìgboro ká lẹ́ẹ̀kan, ó kú níwájú ilé bí ẹni tó mọ ilé.

Bàbá Onírin, tó ń ra irin àlòkù, ti gbọ́. Ó dúró ti mọ́tò, ó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn ẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ó ní òun kàn wá kí aláìsàn ni, òun ò kánjú, irin kì í jẹrà. Bàámi ní kó lọ jókòó sílé, tó bá kú a ó ránṣẹ́ túfọ̀ sí i.

Ẹtì, 19

Ọlọ́run mi.

Mo ń fọ púlọ́ọ̀gì oníbàárà kan, ti tẹ́lẹ̀ àti èyí tí a fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, mo tò wọ́n sórí àkísà. Bàámi ní kí n gbé èyí tó dáa wá. Mo wò wọ́n. Mi ò mọ èyí tó dáa. Mo ti fọ̀ wọ́n débi pé gbogbo wọn di ọmọ ìyá kan náà. Ó mú wọn lọ́wọ́ mi, ó yẹnu wọn wò, ó mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ méjì, àkísà kan. Èwo ni mo tì wọlé? Mo ń kánjú kí n ṣe é tán kí Injiníà tó dé, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́ ni mo dá padà síbi tí wọ́n ti tú u, a jẹ́ pé Injiníà ló sòótọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo jẹ́ kí màámi náwó pọ́ǹpù.

Mi ò lè sọ ọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ nígbà oúnjẹ, ó dé ètè mi. Lẹ́yìn náà ni bàámi ní kí n sún díẹ̀ kí Injiníà lè ráyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Mo gbé e mì.

Ajé, 22

Ooru mú. Bàámi ti tú gbogbo wáyà inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú sílẹ̀ bí irun tí wọ́n ò tíì dì. Ó ń fi ọwọ́ tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jẹun ọ̀sán. Mo mọ ohun tí ò jẹ́ kó jẹun, mo sì ń fọ abọ́.

Mo wá sẹ́ńsọ̀ kejì rí nínú agolo bọ́ọ̀tù. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò ní àpá kankan, ó kàn ń wò mí.

Ọjọ́rú, 24

Bàámi ti so àwọn wáyà padà. Kò rí nǹkan kan. Ó bá màámi sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí màámi jáde, ó lọ tààrà sínú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ẹ̀: tìmùtìmù tó ń fi sẹ́yìn, ìgò omi, rìbọ́n ọmọ kan, bàtà ẹsẹ̀ kan tó jẹ́ ti ọmọ kan tó máa ń sùn lójú ọ̀nà. Ó dúró di bàtà yẹn mú fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Onírin máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Injiníà ò tan tọ́ọ̀ṣì lónìí. Ó jókòó sórí táyà, ó ń gé èékánná ẹ̀ jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 25

Oníbàárà kan há sójú ọ̀nà, bàámi lọ bá a. Màámi lọ sí iléèwé láti lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíì. Bí ó ṣe wé gèlè ẹ̀ ni mi ò lè fara dà. Ó wé e bí ẹni tó ń lọ gbàdúrà.

Mo wọ inú mọ́tò, mo tan án. Mo ń wo abẹ́rẹ́. Ó gòkè, ó dé àárín, ó kú. Mo bu omi tútù nínú garawa, mo na ọwọ́ sísàlẹ̀, mo dà á sórí sẹ́ńsọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ní bàbá òun máa ń ṣe. Mo padà wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí lójú ẹsẹ̀. Kò tiẹ̀ rojọ́.

Mo gbé orí lé ìdarí mọ́tò. Nígbà tí mo gbé e sókè, Injiníà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Ó jí."

Ó ní, "Mo gbọ́."

"Sẹ́ńsọ̀ ni. Èyí tó bàjẹ́ ni mo dá padà síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fọ̀ wọ́n, mi ò dá wọn mọ̀ mọ́."

Ó wá jókòó sí ìjókòó kejì, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. "Èmi dá wọn mọ̀. Èmi ni mo tú ti màámi rẹ, púláyà mi bù ú jẹ létí. Nígbà tí mo padà dé, èyí tí ò lápá ló ṣì wà lórí àkísà."

Mo ní, "O rí i? O rí i, o jẹ́ kí wọ́n ra pọ́ǹpù? O jẹ́ kí màámi kó ẹrù ẹ̀?"

Ó ní, "Tí mọ́tò yìí bá yá, òun ni wọ́n máa fi gbé mi padà sílé."

Ó ń wo iwájú bí ẹni pé òun ló ń wa mọ́tò náà. Ó ní ní ilé àwọn, tí òun bá wọlé, ọkọ ìyá òun á ní, "Ṣé o ti dé," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ó ní, "Ìwọ, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ káàkiri ilé láràárọ̀. Gbé tibí wá, gbé tọ̀hún lọ, ọlẹ ọmọ yìí dà. O máa ń fa ojú ro. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo máa ń ronú pé ká ní wọ́n lè fún mi ní ọjọ́ kan péré nínú ẹ̀."

Ó yẹ kí n bínú. Mo bínú náà. Ohun tó tún dùn mí ni pé mo rò pé èmi nìkan ni mo ń jowú nínú ilé yìí. Ìyẹn gan-an ó tún ti bá mi pín in.

Bàámi dé. Mo sọ tèmi fún un: mo kánjú, mo fọ̀ wọ́n, mo ṣì í mú. Mi ò sọ tiẹ̀. Màá kọ ìdí ẹ̀ síbí nítorí pé kò sẹ́ni tó máa kà á. Kì í ṣe pé mo ṣàánú ẹ̀. Mo mọ bàámi ni. Tó bá gbọ́ pé ọmọ yìí ò fẹ́ lọ, á ní kó dúró.

Kò nà mí. Ó dúró, ó fi àkísà nu ọwọ́ tí ò dọ̀tí. Ó ní láti òní lọ, ohun tó bá jáde lára aláìsàn, mi ò gbọ́dọ̀ gbé e ka ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú tẹni tára ẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ló bọ Injiníà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ àgbàlagbà lọ́wọ́. Injiníà ò lè wò ó lójú. Èmi ni mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, mo ti èyí tí ò lápá wọlé. Mọ́tò ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó gbóná, kò kú. Bàámi sáré gba títì lọ pàdé màámi, ó bá a pé kò rí ọ̀gá iléèwé, iṣẹ́ náà ṣì wà.

Àbámẹ́ta, 27

Bàbá Onírin dé pẹ̀lú ọmọlanke. Màámi ní kó wọ mọ́tò, kí òun gbé e délé. Ó ní kò burú, òun á dúró dè é lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan.

Àìkú, 28

Wọ́n ti gbé Injiníà lọ. Bàámi fún un ní tọ́ọ̀ṣì. Tọ́ọ̀ṣì gan-an. Mo wo ẹ̀yìn mọ́tò títí ó fi yà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó yẹ kí n sùn dáadáa báyìí.

Ìṣẹ́gun, 30

Mi ò sùn.

Ajé, 5 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n wọlé lónìí. Màámi kó àwọn ọmọ kún mọ́tò, tìmùtìmù ẹ̀ ti padà sẹ́yìn ẹ̀. Ó ti dé iléèwé, kò kú.

Èmi àti bàámi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ó wà lábẹ́ mọ́tò oníbàárà. Ó na ọwọ́ jáde, ó ní, "Injiníà, fún mi ní tẹ́ẹ̀nì." Mo fi sípánà náà lé e lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé òun ṣi orúkọ pè. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, orin tí àwọn méjèèjì máa ń kọ.

Mo ní, "Bàámi, kò fẹ́ lọ."

Sípánà dúró. Orin dúró. Ó fa ara ẹ̀ jáde. Kò bi mí pé ta ni. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ti púláyà, ti "ṣé o ti dé", àti ìdí tí mo fi pa á mọ́. Ojú ẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó sàn kó nà mí.

Nígbà tí màámi kó àwọn ọmọ délé wọn tán tó yà wọlé, bàámi ò jẹ́ kó pa mọ́tò. Ó ní kó sún, òun ló máa wà á. Wọ́n yí orí ẹ̀ padà sí títì. Wọn ò ní kí n bá wọn lọ, èmi náà ò béèrè.

Mo ti gbálẹ̀. Mo ti gbé omi kaná. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀, ọ̀nà ilé ìyá Injiníà sì jìn. Owú ṣì ń jẹ mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ gbogbo mọ́tò tó bá ń bọ̀, mo ń dákẹ́ láti gbọ́ bóyá ẹ́ńjìnnì tiwa ni.